Ilé Onílé Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Èdè: Láti Salamanca Dé Òkè-Bùkún

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àwọn àgbà ti wí i nípa ojú ni ó rí nípa etí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ́ èdè Sípéènì nínú ìwé, tí ó mọ gbogbo ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ bí ẹní mowó, lè wọ ìlú Salamanca ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ìyá onílé bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa oúnjẹ alẹ́, kí ó sì dúró gbagidi bí òpó. Kì í ṣe pé ìwé tí ó kà parọ́ fún un. Ìwé kò ní ilé ìdáná ni, kò ní ọmọ kékeré tí ń sunkún lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò sì ní ìyá àgbà akáyín tí í gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì kí ó tó sọ ọ́ tán. Èdè tí a kọ́ nínú ìwé mọ́ tónítóní. Èdè tí à ń sọ nínú ilé ní iyọ̀, ó ní ata, ó sì ní èéfín.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ èdè Sípéènì ní àgbọ́yé kì í fi ìwé nìkan ṣe é. Wọn a di ẹrù wọn, wọn a lọ máa gbé nínú ilé àwọn tí ó ni èdè. Ìlú Salamanca, tí yunifásítì rẹ̀ ti wà láti ọdún 1218, kún fún irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Antigua, ìlú àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Guatemala, ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Francisco Marroquín sọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1969. Ìlú náà di ibi tí olùkọ́ kan ti ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sì padà sí ilé ẹbí tí ó gbà á sílé láti bá wọn jẹun. Àwọn Amẹ́ríkà ti rí ọgbọ́n yìí ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1932 ni Donald Watt dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ìlànà rẹ̀ sì ni pé ilé ẹbí ni kí wọ́n máa sùn, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì.

Yorùbá tí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò tètè rí ohun kan tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yóò pẹ́ kí ó tó rí. Èdè Sípéènì ní ìwọ, ó sì ní ẹ̀yin ọ̀wọ̀. “Tú” ni wọ́n ń lò fún ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ ẹni. “Usted” ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Inú gbólóhùn àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí “àánú yín” ni wọ́n ti fa “usted” yọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe “Kábíyèsí” láìrántí mọ́ pé odidi gbólóhùn ni. Ìwé gírámà yóò fi ìlà méjì ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí a pè ní “usted” gan-an? Ní Madrid, àwọn ènìyàn kì í pẹ́ kí wọ́n tó bọ́ sí “tú”, kódà láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò bá ara mu. Ní àwọn apá kan ilẹ̀ Kòlóńbíà ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ìyá kan náà ń pe ara wọn ní “usted” láìsí ìjà kankan láàárín wọn. Kò sí èyí nínú ìlà méjì náà. Ojú ìyá onílé ni a ti ń kà á. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gbá létí rí nítorí pé ó pe àgbà ní “ìwọ” kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èdè Sípéènì jìnnà sí wa. Erékùṣù tí a ń pè ní Fernando Po tẹ́lẹ̀, tí ó di Bioko, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Calabar, orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea ni ó sì ni ín, níbi tí èdè Sípéènì ti jẹ́ èdè ìjọba. Nípasẹ̀ àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ṣe ní ọdún 1942, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà, pàápàá láti apá ìlà-oòrùn, ni ó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní erékùṣù náà. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé gírámà. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò rí ìwé gbà pẹ̀lú. Inú oko ìrèké àti inú ilé ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ èdè Sípéènì, tí wọ́n sì fi orin àti ẹbọ pa èdè tiwọn mọ́ lábẹ́ orúkọ Lukumí. Gbígbé ilé onílé ni tiwọn náà, àfi pé tipátipá ni.

Ní ti àwa tí a wà nílé, ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fún un ní orúkọ ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí, kí ó lọ sí Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti tó ìran mélòó kan tí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire. Nígbà tí wọ́n bá wálé ọdún, èdè Faransé a máa ho ní àdúgbò bí ẹni pé etí òkun Abidjan ni. Kì í ṣe yunifásítì ni ó kọ́ wọn. A fi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá fi í sídìí àtẹ, oníbàárà wá ná ọjà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fèsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà kò ní tà. Láàárín ọdún kan ó ti ń bú ènìyàn ní Faransé, láàárín ọdún méjì ó ti ń bẹ̀bẹ̀ ní Faransé, èyí tí ó ṣòro ju èébú lọ.

Ti ilẹ̀ Gánà tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti ìlú mìíràn kó ẹrù wálé, wọ́n kó ọmọ wálé pẹ̀lú. Lára àwọn ọmọ náà, èdè Twi àti Hausa ni ó yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Irú wọn ní láti kọ́ èdè bàbá wọn ní ilé ìyá àgbà, bí àlejò ti í kọ́ èdè onílé. Ẹni tí ó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń gbọ́ èdè, kí ó lọ bi àwọn ọmọ Gánà léèrè.

Àṣà fífi ọmọ gbé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni gbòǹgbò gbogbo èyí. Láyé àtijọ́, kò sí ohun ìtìjú nínú kí ọmọ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, ọ̀dọ̀ olùkọ́, tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Ó ń lọ kọ́ iṣẹ́, ó ń lọ kọ́ ìwà, èdè sì ń wọlé sí i lára láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é ní ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn, èyí kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà kọ́ ni ó kọ́ wọn ní èdè. Ohun tí ó kọ́ wọn ni pé wọ́n ní ipò nínú ilé, wọ́n ní iṣẹ́ tí à ń rán wọn, wọ́n sì ní ẹni tí yóò bá wọn wí bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn òyìnbó tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa gba ọ̀nà kan náà. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Ogun kò jẹ́ kí ó lè lọ sí òkè bí ó ti fẹ́, nítorí náà ó wà ní Abẹ́òkúta fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti fi etí kó Yorùbá jọ kí ó tó dé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1858 ni ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde. Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Brazil lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ohun tí ó gbójú lé ni pé òun yóò lè bá àwọn ẹrú Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Èdè tí a kọ́ ní Abẹ́òkúta ni ó fẹ́ fi wàásù ní Rio!

Ní ayé tiwa yìí, Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Òkukù ní ọdún 1974. Ó gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ki oríkì, ó bá wọn lọ síbi ìyàwó, ó bá wọn lọ síbi òkú. Láti ọdún 1977 títí di 1984 ni ó fi jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá ni ó sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Ó tún bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù jáde ní ọdún 1991. Oríkì kì í wá bá ẹni tí ó jókòó dè é pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ìgbà tí ìyá kan bá rí ọmọ rẹ̀ tí ó ti àjò dé ni oríkì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí kò bá sì sí nínú ilé ní wákàtí náà kò ní gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ Bùnú náà ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀ Bùnú sì ni Òkè-Bùkún wà. Elisha Renne, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé láàárín àwọn Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Aṣọ ni ó wá wò. Ìwé tí ó kọ, Cloth That Does Not Die, jáde ní ọdún 1995. Nínú rẹ̀ ni a ti kà nípa aṣọ funfun tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹbọra, nípa aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn ńlá tí egúngún sì ń gbé jáde, àti nípa òfì àwọn obìnrin Bùnú tí ó ń dákẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn aṣọ wọ̀nyí, ipò tí olúkúlùkù wọn wà sí èkejì, ẹni tí ó tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí, kò sí èyí tí àlejò lè rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó wà lórí pẹpẹ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, apá Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni etí wọn wà. Ohun tí Bùnú ń sọ nílé kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òkè-Bùkún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Bùnú ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bùnú. Bùnú, Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ni a pa pọ̀ tí à ń pè ní Okun, láti ara ìkíni “Okun” tí gbogbo wọn ń lò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi ẹ̀ka èdè wọn sí ìsọ̀rí Yorùbá àríwá-ìlà-oòrùn. Ibi tí ilẹ̀ wọn wà fún etí wọn ní iṣẹ́ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: Ebira wà nítòsí, Nupe wà lẹ́bàá Odò Ọya, Ígálà wà ní òdìkejì odò, Hausa sì wà ní Lọ́kọ́ja. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Bida ń kó wọn lẹ́rú, orí òkè ni àwọn Bùnú ń sá sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá kó lọ, inú ilé Nupe ni wọ́n ti ń kọ́ Nupe. Ọdún 1897, nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida, ni ìpayà náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Àríwá dé, èdè Hausa sì di èdè tí ẹni tí ó bá fẹ́ ríṣẹ́ ní Kàdúná gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọmọ Okun tí ó gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í ṣe ohun ìyanu. Ohun tí ó ń di ìyanu ni ọmọ Okun tí ó gbọ́ Okun.

Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó báyìí. Ká ní a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìbàdàn, ọmọ tí ó yege gidigidi nínú ìdánwò Yorùbá, a sì fi í sí ilé kan ní Òkè-Bùkún fún oṣù méjì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní yóò kí wọn ní “Ẹ káàárọ̀”, wọn yóò sì dá a lóhùn ní “Ẹ káàárọ̀”. Wọ́n gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ìwé, wọ́n ń ka Bíbélì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Nítorí ọ̀wọ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, yóò sì máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ìyàtọ̀ kan tí ó tó pọ́n. Nígbà tí ó bá yá, bàbá àti àbúrò rẹ̀ yóò jókòó síta láti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọn kò ní rántí pé àlejò wà nínú yàrá. Ìgbà náà ni yóò dìde jókòó lórí ẹní, tí yóò máa na etí, tí yóò máa mú ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Yóò rí i pé “Okun” kan náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ó ti àjò bọ̀, òun ni wọ́n fi ń bá ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ kẹ́dùn. Ní Ìbàdàn, a ó to “ẹ kú” mọ́ iṣẹ́, mọ́ ìrìn, mọ́ ewu, mọ́ ìjókòó. Níbí, ohùn tí a fi sọ ọ́ àti ojú tí a fi wo ẹni tí à ń kí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ sára pátákó. Àfi kí ènìyàn sọ ọ́ ṣì, kí ọmọ ọdún méje kan bú sẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, àwọn ọmọdé ni olùkọ́ tí ó dára jù lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò tíì mọ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe àlejò mọ́lẹ̀.

Èyí sì mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le. Àṣà wa tí ó dára jù lọ fún àlejò ni ọ̀tá ẹ̀kọ́ rẹ̀. Yorùbá kì í rán àlejò níṣẹ́. A ó fún un ní àga tí ó dára, a ó fún un ní ẹran tí ó tóbi, a ó sì sọ èdè tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wọ ilé ìdáná tí ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá a yín gún iyán yìí,” èsì tí yóò rí gbà ni, “Rárá o, ọmọ mi, lọ jókòó, àlejò ni ọ́.” Pẹ̀lú ìfẹ́ ni ìyá fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun èlò ilé ìdáná, orúkọ oríṣiríṣi iṣu, orúkọ ohun tí iyán ń jẹ́ nígbà tí kò tíì fẹ́lẹ́ àti nígbà tí ó bá ti fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí a dá ọmọ náà padà sí pálọ̀. Ẹ̀wù àlejò ni a ní láti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Láyé àtijọ́, a mọ bí a ti ń bọ́ ọ: a ó fún un ní orúkọ, a ó sọ ọ́ di ọmọ ẹnì kan pàtó nínú ilé, a ó sì fi iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, di Àdùnní ní Òṣogbo, kò sí ẹni tí ó tún ń bá a ṣe bí ẹni tí yóò lọ lọ́la. Ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 2009.

Àwọn yunifásítì wa kò ṣàìmọ èyí. Ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ti ń wá sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn láti kọ́ Yorùbá, tí a sì ń so wọ́n mọ́ àwọn ìdílé tí wọn yóò máa bá ṣe. Ìjọba Amẹ́ríkà ti náwó lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá mọ ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá láyé òde òní yóò lè fojú inú wo ohun tí àlejò bẹ́ẹ̀ lè bá pàdé. Bàbá onílé yóò bá a sọ Yorùbá, nítorí iṣẹ́ ni. Ìyá onílé yóò bá a sọ Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé yóò sì bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi tọ́ wọn. Ó rin ọ̀nà jíjìn láti wá jókòó ti ọmọ Yorùbá tí kò lè dá a lóhùn. Àlejò ń kúnlẹ̀, ọmọ ilé ń juwọ́. Kò yẹ kí a fi èyí ṣe ẹlẹ́yà lásán. Ilé ni àlejò wá kọ́ èdè, ilé gan-an ni èdè náà sì ti ń jáde lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti pa ìlànà náà tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ilé-ìwé láti tọ́jú Yorùbá àjùmọ̀lò ti rí ibi tí ó bá a dé. Ní ti èdè Bùnú, ilé-ìwé kò fìgbà kan tọ́jú rẹ̀ rí. Kò ní ìwé kíkà, kò ní ìdánwò. Ilé nìkan ni ó ní. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ṣí lọ sí Abuja, Lọ́kọ́ja àti Èkó, ilé tí ó kù ní Òkè-Bùkún, ilé bàbá àti ìyá àgbà ni.

A ti ṣe irú ètò yìí rí nítorí èdè ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nígbà kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà ní láti lo ọdún kan ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní orílẹ̀-èdè bí Tógò àti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí owó náírà wálẹ̀, ọwọ́ kò ká a mọ́, ìjọba sì dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1991, kí wọ́n lè máa gbé láàárín èdè náà láìkúrò ní Nàìjíríà, nítòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Abúlé náà dára. Ohun tí ó ṣàjèjì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí èdè rẹ̀ ní abúlé tòótọ́ láìlóǹkà, kì í lọ sí ọ̀kan nínú wọn kí ó tó gba oyè. Ó lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú oyè nínú Yorùbá, kí ó sì máa kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka èdè Bùnú láti inú ìwé tí ẹlòmíràn kọ, láìtíì fẹsẹ̀ tẹ Òkè-Bùkún rí.

Bí a bá fẹ́ ṣe é, kì í ṣe abúlé tuntun ni a nílò. Ilé mẹ́wàá péré tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì má sì wọ ilé kan, nítorí bí wọ́n bá jẹ́ méjì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ìdènà wà, kò sì yẹ kí a fi ẹnu bò ó. Ìjínigbé ti kó ìpayà bá ọ̀nà ilẹ̀ Okun ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, kò sí òbí tí yóò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dán ọ̀nà wò. Àwọn àgbà ìlú àti àwọn ọdẹ ni ó mọ ìgbà tí ọ̀nà dára, ọ̀dọ̀ wọn ni ètò náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ́fíìsì yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Abẹ́ ìyá àgbà kan ni kí a fi í sí, ilé tí obìnrin ti pọ̀, kí ó sì ní ẹnì kan tí ó lè ké pè bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́.

Owó ni ó kù. Ní Salamanca àti ní Antigua, onílé ń gba owó oúnjẹ àti ibùsùn, ojú kò sì ń tì wọ́n. Ní ilẹ̀ wa, bí àlejò bá nawọ́ owó sí onílé, ó lè jẹ́ pé èébú ni yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń fi iṣu oko rẹ̀ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún oṣù méjì ń náwó, bí kò tilẹ̀ sọ. Kí yunifásítì gbé owó náà fún ìlú, kí ìlú pín in bí wọ́n bá ti rí i pé ó tọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sì mú iyọ̀, ọṣẹ àti epo gẹ́lẹ́ǹtì dání gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń lọ kí àwọn àgbà rẹ̀. Àkókò tí ó bá a mu jù ni oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí iṣu tuntun bá ti ń wọlé tí ẹnu kò sì ní dákẹ́ ní àgbàlá, bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn yunifásítì bá lè bọ́ sí i.